Agbára Kọ́, Ipá Ìyípo Ni: Èdè-Ìperí fún Kílọ́ọ̀ṣì Ọkọ̀ Asáré Àtijọ́ Tí Ó Ní Ẹwìrì

1. Ìfáárà

Láti ìgbà tí Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970, tí a ti ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ni ó ti hàn sí wa pé èdè wa kò tòṣì ní ọ̀rọ̀. Ohun tí ó sábà máa ń kó wa sí ìyọnu ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo a máa dúró fún ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èdè-Ìperí Yorùbá, Apá Kìíní, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984, ti bá wa yanjú èyí tí ó kan ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Ìwé náà kò dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, nítorí a kò rán an débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ti ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́.

Ìgbàjà, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ni ohun tí ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ará ìlú náà kan tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fi ọkọ̀ ojú omi kó ọkọ̀ asáré kan wálé, Porsche 944 Turbo tí a ṣe ní 1986. Orí Peugeot 504 ni mẹkáníìkì tí ó gbé e lọ bá ti kọ́ṣẹ́, lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní 1975. Kò sí ohun tí a lè fi han bàbá náà nípa 504. Ṣùgbọ́n àlejò ni 944 jẹ́ lójú rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀.

Ẹni tí ó ni ọkọ̀ rí ìdì kílọ́ọ̀ṣì méjì tí ó lè rà. Tuntun ni ọ̀kan. Ohèlò tí a tún ṣe ni èkejì, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Bàbá mẹkáníìkì mọ Yorùbá kà dáadáa, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ wò kí ó tó dá a lábàá èyí tí yóò rà. Ni wọ́n bá kó ìwé ìdì méjèèjì àti ìwé ọkọ̀ wá fún mi pé kí n túmọ̀ wọn. Ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi ṣe é, inú mi sì dùn sí i. Mo kọ ọ́ pé agbára ọkọ̀ jẹ́ 220. Mo kọ ọ́ pé agbára tí ìdì tuntun lè gbé jẹ́ 450, ti ohèlò sì jẹ́ 300. Bàbá fi 300 wé 220, ó rí i pé àlékù wà, ó ní kí wọ́n ra ohèlò. Kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n dè é tán tí ọkọ̀ náà ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lójú ọ̀nà Ìlọrin, tí ẹ́ńjìnnì ń han gooro, tí ọkọ̀ kò sì kúrò lójú kan. Òórùn láínìn tó ń jó gba inú ọkọ̀ kan.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ bàbá, ìwé mi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ọ̀mọ̀wé, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbí pé agbára ọkọ̀ jẹ́ 220, agbára kílọ́ọ̀ṣì jẹ́ 300. Ṣé 300 kò ju 220 lọ ni?”

“Ó jù ú lọ, Bàbá. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n wọ̀n nínú ọkọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n wọ̀n nínú kílọ́ọ̀ṣì.”

“Bí ó bá yàtọ̀, kí ló dé tí ẹ fi fún méjèèjì ní orúkọ kan?”

N kò rí èsì fọ̀. Bí ó ṣe yẹ kí n ti túmọ̀ rẹ̀ nígbà náà ni mo fẹ́ fi hàn níbí.

2. Agbára àti ipá ìyípo

Nínú Yorùbá ojoojúmọ́, agbára ni a ń pe okun inú ara, agbára ni a ń pe àṣẹ ọba, agbára náà ni a ń pe ohun tí ń gbé ọkọ̀ gun òkè. Kò sí àbùkù níbẹ̀ fún ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lásán. Ṣùgbọ́n onímọ̀ ẹ̀rọ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ tí a kò gbọdọ̀ pa pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú sípánà wò. Bí nọ́ọ̀tì bá le, tí mẹkáníìkì fi sípánà kúkúrú yí i tì, yóò ti páìpù bọ ìdí sípánà kí ó lè gùn sí i. Ọwọ́ kan náà ni yóò fi tì í, nọ́ọ̀tì yóò sì yí. Ipá ọwọ́ rẹ̀ kò lé. Jíjìnnà tí ọwọ́ jìnnà sí nọ́ọ̀tì ni ó lé. Ipá tí a fi gígùn sọ di púpọ̀ báyìí ni mo dá a lábàá pé kí a máa pè ní *ipá ìyípo*. Níútìnì-mítà ni a fi ń wọ̀n ọ́n: ipá tí a fi níútìnì wọ̀n, àti gígùn tí a fi mítà wọ̀n. Kò sí ọ̀rọ̀ bóyá ó yára tàbí ó falẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó rọ̀ mọ́ sípánà tí nọ́ọ̀tì kò sì mì rárá ń fi ipá ìyípo sí i.

*Agbára ẹṣin* yàtọ̀. Eré wà nínú tirẹ̀. Bí a bá fi ipá ìyípo sọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí láàrin ìṣẹ́jú kan di púpọ̀, agbára ni a ó rí. Nítorí náà ẹ́ńjìnnì tí ipá ìyípo rẹ̀ kéré lè ní agbára ẹṣin púpọ̀ bí ó bá ń yí kíkankíkan. Kílọ́ọ̀ṣì kò sì bìkítà nípa eré. Ohun kan ṣoṣo tí ó ń bá jìjàkadì ni ipá ìyípo.

Ọkọ̀ 944 fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Èyí tí kò ní ẹwìrì, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde fún ọjà Yúróòpù ní 1982, ní agbára ẹṣin 163 àti ipá ìyípo 205 níútìnì-mítà. Èyí tí ó ní ẹwìrì, tí ó tẹ̀lé e ní 1985, ní agbára ẹṣin 220 àti ipá ìyípo 330. Agbára fi ìdá 35 nínú 100 lé sí i, ipá ìyípo sì fi ìdá 61 nínú 100 lé. Ẹni tí ó bá fi agbára ẹṣin ṣe ìwọ̀n kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ yóò ra èyí tí kò tó.

Ohun kejì tún wà nínú ìwé ọkọ̀ náà tí mo fojú fò dá nígbà tí mo ń túmọ̀. Agbára ẹṣin 220 kì í yọ àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 5,800 láàrin ìṣẹ́jú kan. Ibi 3,500 ni ipá ìyípo 330 ti ń yọ. Ìdí nìyí tí kílọ́ọ̀ṣì tí ó lè gbé 300 fi ń ṣe dáadáa láàrin ìlú, tí ó sì já wọn kulẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nígbà tí awakọ̀ wà ní jíà gíga, tí ẹ́ńjìnnì kò sáré púpọ̀, tí ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí mo bá ti kọ ọ́ pé *ipá ìyípo ọkọ̀: 330, ipá ìyípo tí kílọ́ọ̀ṣì lè gbé: 300*, ọmọ iṣẹ́ tí ó dé láàná kò ní ra ohèlò náà.

3. Ẹwìrì

Turbo ni àwọn mẹkáníìkì ń pe ohun tí ó ń fi afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì, àwọn kan a sì pè é ní tọ́bò. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó dúró níwájú kíláàsì nílò ọ̀rọ̀ tí yóò ṣàlàyé ara rẹ̀, ó sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní àgbẹ̀dẹ, ọmọ iṣẹ́ ni ó ń fi ẹwìrì fẹ́ iná. Èédú kan náà ni, ààrò kan náà ni. Nígbà tí atẹ́gùn pọ̀ sí i ni iná ràn tó láti yọ́ irin. Iṣẹ́ tí turbo ń ṣe gan-an nìyí. Ó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí inú sìlíńdà, epo tí ó pọ̀ sí i rí ohun tí yóò bá jó, pístọ̀nù sì gba ìtì tí ó le jù.

Ẹnìkan ti sọ fún mi pé awọ ni ẹwìrì, tí a ń tẹ̀ tí a ń fà, nígbà tí turbo jẹ́ kẹ̀kẹ́ kékeré alábẹ̀bẹ̀ tí ó lè yí ju 100,000 ìgbà lọ láàrin ìṣẹ́jú kan. Òtítọ́ ni. Bí a bá ń wo ìrísí, a kò ní rí orúkọ fún ohunkóhun. Iṣẹ́ ni kí a wò.

Ohun tí ó yẹ kí a fi kún un ni ẹni tí ń fẹ́ ẹwìrì náà. Ní àgbẹ̀dẹ, ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ ni. Nínú ọkọ̀ yìí, èéfín tí ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí kẹ̀kẹ́ náà, èyí tí Alfred Büchi, ọmọ Siwisálandì, gba ìwé-àṣẹ lé lórí ní 1905. *Ẹwìrì èéfín* ni kí a pè é. Irú ẹwìrì mìíràn wà tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí, a ó sì lè pe ìyẹn ní *ẹwìrì bẹ́líìtì*. Orí ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì jókòó lé, ohun tí ìtumọ̀ lẹ́tà-fún-lẹ́tà kì í sábà fún wa.

Nítorí pé èéfín ni ó ń yí i, ẹwìrì kì í jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Awakọ̀ tẹ ẹsẹ̀, ọkọ̀ rọra dúró wò, lẹ́yìn náà ni ipá ìyípo já lé kílọ́ọ̀ṣì lórí lójijì. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ ni èyí ti le jù. Àwọn kan tún máa ń yí ìwọ̀n ẹwìrì sókè kí ọkọ̀ wọn lè sáré sí i. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ìwé ọkọ̀ lé ọwọ́ mọ́ láti fi yan kílọ́ọ̀ṣì, nítorí 330 inú ìwé kì í ṣe 330 mọ́.

4. Ta ni ń tẹ ta?

Kílọ́ọ̀ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò tí ó ti di ọmọ onílé, mo sì fara mọ́ ọn. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ń jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì, àwo tí ń jẹ ń jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ tún ń jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì. Kí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àpapọ̀, kí a sì fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Gbogbo ẹ̀yà tí a ń rà pọ̀ nínú páálí kan, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sẹ́ẹ̀tì, ni mo ti ń pè ní *ìdì kílọ́ọ̀ṣì* láti ìbẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ yìí.

Àwo méjì tí mẹkáníìkì ń pè ní pílẹ́ètì láìyà wọ́n sọ́tọ̀ ni ó gba ìrònú jù. Èyí tí ó ní láínìn lójú méjèèjì wà láàrin. *Àwo àárín* ni mo pè é, kò sì sí ẹni tí ó bá mi jiyàn. Èkejì ni Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ títẹ̀ sọ ní orúkọ, mo sì ti kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ sí àwo ìtẹ̀. Àṣìṣe mi kejì nìyẹn. Nínú Yorùbá, awakọ̀ ni ó ń “tẹ kílọ́ọ̀ṣì”, nígbà tí ó bá sì tẹ̀ ẹ́, àwọn àwo ń tú ara wọn sílẹ̀ ni. Ọmọ iṣẹ́ tí ó ka ìwé mi rò pé àwo ìtẹ̀ ni ẹsẹ̀ awakọ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè lọ. Ó yí iṣẹ́ ẹ̀rọ náà po lódì, n kò sì lè bá a wí.

Bí ó ṣe rí gan-an nìyí. Nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí rẹ̀, sípíríǹgì tí ó ní ìka roboto yíká ń ti àwo kejì yìí, òun náà ń fún àwo àárín pọ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ ńlá ìdí ẹ́ńjìnnì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń yí bí ẹyọ kan, ọkọ̀ ń lọ. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀, bíárìn kan yóò ti àwọn ìka sípíríǹgì náà, ìfúnpọ̀ yóò dẹ̀, àwo àárín yóò sì bọ́. Nítorí náà *àwo ìfúnpọ̀* ni orúkọ tí ó tọ́ sí àwo kejì, *sípíríǹgì oníka* ni ti sípíríǹgì rẹ̀, *bíárìn ìtúsílẹ̀* sì ni ti bíárìn náà. Fún ìṣe wọn, *dì mú* àti *tú sílẹ̀* ti tó. Yíyọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń sọ pé kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀ dára bẹ́ẹ̀. Kí a má ṣe wá òmíràn.

Ti kẹ̀kẹ́ ńlá yẹn, ìyẹn fláíwíìlì, ni kò tíì dá mi lójú. Iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti òkúta tí ó wà ní ìdí ìrànwú: ọwọ́ a kúrò, yíyí kò ní dúró. Mo dá *kẹ̀kẹ́ amúyípẹ́* lábàá.

5. Ohun tí ó yẹ kí a wò nínú ìdì

Ipá ìyípo tí kílọ́ọ̀ṣì lè gbé ṣeé fi ìṣirò kékeré mọ̀, ó sì dára fún kíláàsì. Ohun mẹ́rin ni a ń sọ di púpọ̀: ojú láínìn tí ó jẹ́ méjì, ìwọ̀n bí ojú méjì ti ń há mọ́ ara wọn, tí mo ń pè ní *ìwọ̀n ìfarahara* láti inú “fi ara ha ara”, ipá tí sípíríǹgì fi ń fún un, àti jíjìnnà láti àárín àwo dé agbede láínìn. Kí a fi ṣe àpẹẹrẹ pé ìwọ̀n ìfarahara jẹ́ 0.3, ipá ìfúnpọ̀ jẹ́ 7,500 níútìnì, jíjìnnà sì jẹ́ 0.1 mítà: 2 × 0.3 × 7,500 × 0.1, èyí jẹ́ 450. Ọkọ̀ tí ipá ìyípo rẹ̀ jẹ́ 330 rí àlékù tí ó ṣe é fọkàn tán. Ṣùgbọ́n bí láínìn bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí 0.3 fi di 0.2, 450 yóò di 300, yóò sì máa yọ̀. Yíyọ̀ a tún mú un gbóná sí i. Ìdí nìyí tí awakọ̀ tí ó fẹ́ràn àtimáa fi ẹsẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀ díẹ̀ lórí òkè fi ń ba èyí tí ó dára jẹ́.

Àwọn tí ń tajà a máa sọ pé kí a kúkú ra èyí tí ó le jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí sípíríǹgì bá le jù, ẹsẹ̀ awakọ̀ ni yóò jẹ níyà. Bí láínìn bá jẹ́ ti ìyẹ̀fun irin àti amọ̀ sísun, ó gba ooru dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń dì mú lójijì, ọkọ̀ a máa gbọ̀n nígbà tí ó bá fẹ́ ṣí, ó sì ń jẹ kẹ̀kẹ́ amúyípẹ́ lójú. Ti àwọn tí ń fi ọkọ̀ díje ni. Fún ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yí ẹwìrì rẹ̀ sókè, tí a ń gùn lójú títì, láínìn tí a fi fọ́nrán àti oje lẹ̀ pọ̀ ni mo rò pé ó yẹ, kí ipá ìyípo tí ó lè gbé sì fi ohun tí ó tó ìdá mẹ́ta lé ti ẹ́ńjìnnì.

Àárín àwo àárín náà ṣe pàtàkì lára 944. Àwọn kan jáde láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú rọ́bà láàrin rẹ̀, tí ó ń gba ìgbọ̀n ẹ́ńjìnnì mọ́ra. Rọ́bà a máa gbó. Nígbà tí ó bá já, àárín àwo a máa yí lásán, ọkọ̀ kò sì ní kúrò níbi tí ó wà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láínìn ṣì nípọn. Àwo tí ó ní sípíríǹgì kéékèèké ní àárín ni kí a béèrè fún. Bí ìdì bá ti pẹ́ nínú àká, kí a wo inú rẹ̀ kí a tó sanwó.

Ohun tí ó sọ olówó pọ́ọ́kú di olówó gọbọi ni ibi tí jíà wà. Ẹ̀yìn ni jíà 944 wà, kílọ́ọ̀ṣì wà níwájú pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, páìpù gígùn kan sì so wọ́n pọ̀. Kí ọwọ́ tó lè dé kílọ́ọ̀ṣì, a ó tú páìpù èéfín, a ó yẹ jíà, a ó fa páìpù gígùn náà sẹ́yìn. Iṣẹ́ tí bàbá ṣe lẹ́ẹ̀kan ni ó tún ṣe lẹ́ẹ̀kejì nítorí ọ̀rọ̀ kan tí mo kọ. Ìdí kan náà ni a kò fi gbọdọ̀ dá àwo àárín nìkan pààrọ̀, kí a fi bíárìn ìtúsílẹ̀ tó ti gbó sílẹ̀.

Ó ku eruku. Láínìn àtijọ́ púpọ̀ ní àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, òkúta oníhóró-òwú tí eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Bíríténì ti fòfin dè é pátápátá ní 1999, ṣùgbọ́n ohèlò àti ẹrù tí ó ti pẹ́ nínú àká kò mọ òfin. Kí ọmọ iṣẹ́ má ṣe fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ dànù. Aṣọ tútù ni kí ó fi nù ún. Mo kọ èyí sí orí ìwé mi kejì ní lẹ́tà gàdàgbà, kí n tó kọ nọ́ńbà kankan.

Ìwé kejì náà ni bàbá fi de ìdì tuntun. Ó gba ipá ìyípo, ó gba àwo ìfúnpọ̀ àti bíárìn ìtúsílẹ̀. Ẹwìrì èéfín dùn mọ́ ọn, nítorí alágbẹ̀dẹ ni bàbá tirẹ̀. Nígbà tí ó dé orí kẹ̀kẹ́ amúyípẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní fláíwíìlì ni òun yóò máa pè é títí òun yóò fi kú. Lẹ́yìn náà ni ó gbé irin ẹlẹ́nu méjì tí ń ti bíárìn ìtúsílẹ̀ sókè, ó bi mí pé kí ni tèyí ń jẹ́. Mo ní àmúga. Ó wò mí, ó wo irin náà, kò sì dáhùn. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù fún méjèèjì, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olótùú.